Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí Rédíò Alápò Ṣègbé

Ó tó àkókò kí a sọ̀rọ̀ lórí ohun kékeré kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kà sí pàǹtí, èyíinì ni rédíò transistor alápò tí àwọn baba wa ń gbé sétí ní oko àti ní ìsọ̀. Nínú ilé púpọ̀, ìsàlẹ̀ àpótí ni ó wà, tí bátìrì ti jò sí i nínú. Nígbà tí baba bá kú, tí àwọn ọmọ ń palẹ̀ yàrá mọ́, ààtàn ni wọ́n ń jù ú sí. Èrò tiwa ni pé àdánù ńlá ni èyí jẹ́.

Kí rédíò yìí tó dé, gílóòbù onígíláàsì ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú rédíò; ó tóbi, ó ń gbóná, ó sì ń jẹ iná. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1947 ni Bardeen àti Brattain kọ́kọ́ mú transistor ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1954 ni Regency TR-1 jáde, transistor 4 ni ó wà nínú rẹ̀, dọ́là 49 àti sẹ́ńtì 95 sì ni owó rẹ̀. Ní ọdún 1957, àwọn ará Japan gbé Sony TR-63 jáde, èyí tí ó ní transistor 6, tí ó sì ń lo bátìrì volt 9. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ ṣì wà lọ́jà títí di òní.

Kí ni èyí kàn wá? Ó kàn wá púpọ̀. Láti ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn ti ń fi wáyà pín ọ̀rọ̀ rédíò kiri ilé ní Èkó. Ẹni tí ó ní àpótí náà ń san owó oṣooṣù, ohun tí wáyà bá sì gbé wá nìkan ni ó lè gbọ́. Àwọn baba wa wo nǹkan yìí, wọ́n sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Ìtumọ̀ orúkọ náà hàn gbangba ní ọdún 1953, nígbà tí Gómìnà Macpherson bá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ wí lórí rédíò. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè ààyè láti fèsì, wọn kò fún un. Ọ̀ràn yìí wà lára ohun tí ó mú kí Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tí tẹlifíṣọ̀n WNTV fi bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, tí rédíò WNBS sì tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n bí èsì bá tilẹ̀ wà, ta ni yóò gbọ́ ọ ní abúlé tí wáyà kò dé? Rédíò alápò ni ó parí iṣẹ́ náà. Àgbẹ̀ tí kò ní iná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìròyìn. Bí ilé-iṣẹ́ kan kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó yí i sí òmíràn. Òmìnira ni èyí, kì í ṣe ohun ìṣeré.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju agbára wa lọ. Kí a yọ bátìrì tí ó ti jò, kí a sì nu ibi tí ó ti dógùn-ún. Bí ohùn rẹ̀ bá ti rẹlẹ̀ jù, àwọn kápásítọ̀ kékeré tí omi inú wọn ti gbẹ ni ó sábà máa ń fà á. Kí a fi òjé jó tuntun sí ipò wọn. Kí a ṣọ́ra fún ooru, nítorí a máa pa àwọn transistor àtijọ́. Kí a ṣọ́ orí àti ìdí bátìrì. Kí a má ṣe kùn ún ní ọ̀dà, kí a má sì ha orúkọ tí olówó rẹ̀ kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, nítorí orúkọ náà ni ìtàn.

Àwọn kan yóò wí pé tẹlifóònù ti gba iṣẹ́ rẹ̀. A kò jiyàn pé tẹlifóònù wúlò. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ ṣí tẹlifóònù níwájú akẹ́kọ̀ọ́, kò ní rí ohun tí yóò tọ́ka sí. Ẹ ṣí rédíò alápò, yóò rí ibi tí ohùn gbà wọlé àti ibi tí ó gbà jáde. Ìdí kan tún wà tí a fi gbọ́dọ̀ yára. Ní òpin ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba ní Faransé àti Deutschlandfunk ní Jámánì pa ìgbì alábọ́ọ́dé wọn, èyí tí púpọ̀ nínú àwọn rédíò wọ̀nyí ń gbọ́. Bí àwọn mìíràn bá ń tẹ̀ lé wọn, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó tún rédíò ṣe tán tí kò ní rí ohun tí yóò gbọ́.

Nítorí náà ni a ṣe ń ké sí ẹ̀yin olùkọ́: ẹ ní kí àwọn ọmọ béèrè rédíò yìí lọ́wọ́ àwọn bàbá àgbà wọn, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín àti ọdún tí ó rà á sílẹ̀. Ẹ pe àwọn tí ń tún rédíò ṣe wá sí kíláàsì, nítorí ìmọ̀ ọwọ́ wọn ń bá wọn wọ ilẹ̀ lọ. Ẹ̀yin àgbà òṣèlú tí ẹ ń fi WNTV yangàn ní gbogbo ìgbà ìdìbò, ẹ fi owó sí ilé kan tí a ó kó wọn jọ sí. Ẹni tí ó ń yangàn pé baba òun jà kí a lè fèsì kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ohun tí a fi gbọ́ èsì náà jẹrà lórí ààtàn.