Láàárín Aláwíyé àti Fágúnwà

Ẹ bi ọmọ JSS 2 kan ní Àgbádárìgì léèrè pé kí ni gbólóhùn alákànpọ̀ oníbọ̀, yóò kà á fún yín bí ẹni ń ka orin orílẹ̀-èdè: ó ní olórí awẹ́ gbólóhùn méjì ó kéré tán, ó sì ní awẹ́ gbólóhùn afarahẹ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní ṣì í. Bí ẹ bá ní kó fa ìlà sí ìdí awẹ́ afarahẹ nínú gbólóhùn tí tíṣà ti kọ sára pátákó, yóò fà á, ìlà náà yóò sì tọ́ nítorí rúlà ló fi fà á. Ẹ wá ní kó jókòó, kó kọ ojú ìwé kan lórí bó ṣe lo ìsinmi Kérésì. Ohun tí ẹ ó rí gbà nìyí: “Mo lọ sí ilé ìyá mi àgbà. Ilé náà wà ní etí òkun. A jẹ àgbọn. A jẹ ẹja. Inú mi dùn. Mo padà sílé.”

Kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀. Bóyá tíṣà á tilẹ̀ kọ “ó dára” sí i nísàlẹ̀. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló kọ ọ́ o, ọmọ kan náà tó jẹ́ pé bí tíṣà bá ti jáde ní kíláàsì báyìí, ohun tí yóò máa sọ fún ẹni tí wọ́n jọ jókòó ni pé: “Nígbà tí a dé etí ọ̀sà, ọkọ̀ tó yẹ kó gbé wa ti lọ, àmọ́ bọ̀ọ̀dá kan tó mọ ìyá àgbà ní ká wọ tòun, a sì wọ̀ ọ́, ká tó dé àárín omi ẹ́ńjìnnì ti kú!” Ẹ ka awẹ́ gbólóhùn tó wà nínú ìyẹn kí ẹ wò ó. Alákànpọ̀ oníbọ̀ gidi ni, ọmọ náà sì sọ ọ́ láìmí. Níbo ni gbólóhùn yìí ń wọlẹ̀ sí láàárín ẹnu rẹ̀ àti bírò rẹ̀?

Lójú tèmi, ilé-ìwé ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ ni ìwé girama ń kó fún ọmọ JSS, ìbáà ṣe ti Yorùbá, ìbáà ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì: abọ́dé, alákànpọ̀, oníbọ̀, àti èyí tó pa méjì ìkẹyìn pọ̀. Tíṣà á kọ orúkọ sí pátákó, á ṣàlàyé rẹ̀, á fi àpẹẹrẹ méjì tì í, àwọn ọmọ á dà á kọ sínú nótù, ó parí. Bí ìdánwò bá dé, á bèèrè irú èyí tí gbólóhùn kan jẹ́. N kò dá tíṣà lẹ́bi. Ẹni tó ní kíláàsì mẹ́ta, tí ọmọ kún inú ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ẹnu ọ̀nà, kò lè máa ru àròkọ gbogbo wọn relé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kó tún rí oorun sùn. Ìlà tí wọ́n fà sí ìdí ọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò fi máàkì rẹ̀ tán.

Bírò pupa tún wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá gbójú kọ gbólóhùn gígùn yóò gbàgbé kọ́mà kan, yóò ṣi ọ̀rọ̀ asopọ̀ kan lò, pupa á sì bo ojú ìwé rẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í kọ “Inú mi dùn”, wọ́n ní ó dára. Ẹ̀kọ́ tí àwọn méjèèjì kọ́ lọ́jọ́ náà yé wọn yékéyéké, wọn kò sì ní gbàgbé rẹ̀ títí wọn yóò fi dé yunifásítì. Èmi ti ka lẹ́tà ìwáṣẹ́ ẹni tó gboyè jáde, tí kò sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tó ju ọ̀rọ̀ mẹ́jọ lọ.

Àwọn kan ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Ní Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Frank O’Hare mú ọmọ kíláàsì keje, tó bá JSS 1 tiwa dọ́gba, kò kọ́ wọn ní orúkọ girama kankan. Gbólóhùn kúkúrú ló ń kó fún wọn, tó ní kí wọ́n so ó pọ̀ di ẹyọ kan, lẹ́nu ná, kí wọ́n tó wá kọ ọ́. Nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1973, ó fi hàn pé àròkọ àwọn ọmọ náà gbó ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2007, Steve Graham àti Dolores Perin kó ìwádìí jọ fún àjọ Carnegie ní New York lórí bí a ṣe ń kọ́ ọmọ kíláàsì kẹrin títí dé ìkejìlá ní ìwé kíkọ. Síso gbólóhùn pọ̀ wà lára ohun tó ran àwọn ọmọ lọ́wọ́. Girama tí wọ́n dá kọ́ lọ́tọ̀, ọ̀tọ̀ sí kíkọ, òun nìkan ni nọ́ńbà tí wọ́n fi wọn ipa rẹ̀ wà lábẹ́ òdo.

Ká gbé e wá sí etí ọ̀sà tiwa. Kí tíṣà kọ gbólóhùn mẹ́rin yìí sí pátákó: Òjò ń rọ̀. Ìyá mi lọ sí ọjà Agbalata. Kò rí àgbọn rà. Ó ra ẹja. Kó wá ní kí àwọn ọmọ tó jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan jọ so ó di ẹyọ kan, kí ẹnikẹ́ni má tíì mú bírò. Bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́ lè wí pé: “Bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀, ìyá mi lọ sí ọjà Agbalata, kò rí àgbọn rà, àmọ́ ó ra ẹja.” Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn wọn lè wí pé: “Nígbà tí òjò ń rọ̀, ìyá mi lọ sí ọjà Agbalata, ó sì ra ẹja nítorí pé kò rí àgbọn rà.” Àwọn tó wà lẹ́bàá fèrèsé ní tiwọn yàtọ̀: “Òjò ń rọ̀ nígbà tí ìyá mi lọ sí ọjà Agbalata, ìdí nìyẹn tí kò fi rí àgbọn rà, àmọ́ ó ra ẹja.”

Níbí ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, ìyá yìí kì í ṣe ẹni tí òjò ń dá dúró. Nínú ìkejì, àgbọn ló bá lọ, ẹja kàn jẹ́ ohun tó fi rọ́pò. Nínú ìkẹta, òjò ló jẹ̀bi: àwọn alágbọn ti sá kúrò lórí àtẹ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jiyàn lórí èwo ló ṣẹlẹ̀ gan-an, wọn yóò jiyàn títí aago yóò fi lù, kò sì sí nínú wọn tí yóò dárúkọ awẹ́ gbólóhùn lẹ́ẹ̀kan. Gbólóhùn mẹ́rin tó wà lórí pátákó kò sọ ohun tó fa ohun, ọmọ tó so ó ló ní láti pinnu, ìpinnu yẹn ló sì ń mú ọpọlọ ṣiṣẹ́. Bí tíṣà bá wá fẹ́ sọ fún wọn lẹ́yìn náà pé “bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀” ní orúkọ tí girama ń pè é, kò burú. Wọn yóò ti mọ ohun tí orúkọ náà wà fún. Máàkì kò sì ní pa tíṣà, nítorí gbólóhùn kan péré ló ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan.

Ti Gẹ̀ẹ́sì wá ńkọ́? Àṣìṣe kan wà tí gbogbo tíṣà Gẹ̀ẹ́sì láti Ajara dé Sèmè mọ̀ bí ẹni mowó. Ọmọ á fi “although” bẹ̀rẹ̀, kó tó dé ìdajì á tún fi “but” sí i. Wọ́n á fi pupa gé e, wọ́n á ní kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá tó dán mọ́rán ló ń sọ. “Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ń rọ̀, síbẹ̀ ó lọ”: àwa a máa so ó níwájú, a máa tún so ó lẹ́yìn, ó sì dùn létí. Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń so ó. Bí tíṣà bá kọ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí pátákó, láàárín píríọ́dù kan, ọ̀rọ̀ ti tán. Àmọ́ kó tó lè kọ ọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ mú nǹkan bọ̀ láti ilé. Ọ̀pọ̀ ọmọ agbègbè yìí ń sọ Ògù, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ẹ̀gùn, nílé, wọ́n ń sọ Yorùbá ní ìgboro, wọ́n ń ka Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì, àwọn tó ní ẹbí ní Pọ̀tónóvò sì tún ń gbọ́ Faransé díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń fi èdè mẹ́ta ṣeré báyìí, kì í ṣe òun la fẹ́ kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń so ọ̀rọ̀.

Ó sì yẹ kí ó máa dun àwa ará Àgbádárìgì ju ẹlòmíràn lọ. Ìlú yìí ni àwọn míṣọ́nnárì gúnlẹ̀ sí lọ́dún 1842, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ilé-ìwé sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù kìíní ọdún 1845 ni Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ síbẹ̀, kò sì lè kọjá sí Abẹ́òkúta àfi lọ́dún 1846. Nígbà tí ìtumọ̀ Bíbélì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ìwé títẹ̀ lọ́dún 1850, Ìwé Róòmù ni ó fi ṣáájú. Ẹni tó bá mọ Pọ́ọ̀lù mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀ kúkúrú. Ẹsẹ méje àkọ́kọ́ nínú ìwé náà, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ́ ní èdè Gíríìkì. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú rẹ̀ wọ inú Yorùbá, tí ìwé Yorùbá tó wà nílẹ̀ nígbà náà kò sì ju kín-ún lọ, síso ọ̀rọ̀ pọ̀ ló gbọ́dọ̀ mọ̀. Lónìí wọ́n ń kó ọmọ ilé-ìwé wá wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ nílùú yìí, wọ́n á da ọjọ́ àti ọdún kọ, wọ́n á padà lọ kọ ìròyìn: “A lọ sí Badagry. A rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. A ya fọ́tò.”

Mo mọ̀ pé àwọn àgbàlagbà kan yóò sọ pé gbólóhùn kúkúrú ló dára, pé ọ̀rọ̀ gígùn ló ń bí irọ́. Wọn kò jayò pa. J. F. Ọdúnjọ fi Aláwíyé kọ́ ìran wa níwèé pẹ̀lú gbólóhùn tí kò gùn ju ìka ọwọ́ ọmọdé lọ, ó sì bá wa lára mu nígbà náà. Àmọ́ D. O. Fágúnwà, tíṣà ni òun náà, nígbà tó sì gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde lọ́dún 1938, ó ń so gbólóhùn mọ́ gbólóhùn títí tí òǹkàwé yóò fi máa wá ibi tí yóò ti mí. Àwọn méjèèjì la nílò. Gbólóhùn kúkúrú kì í lágbára bí gbogbo ohun tó yí i ká bá kúrú; ẹ̀yìn èyí tó gùn ló ti ń dún. Ọmọ kò lè kúrò lórí Aláwíyé ní ọjọ́ kan kó bọ́ sórí Fágúnwà lọ́jọ́ kejì. Ọdún mẹ́ta JSS ló wà láàárín wọn, orúkọ girama la sì ń fi ọdún mẹ́ta náà há sórí.

Ìjọba ní tirẹ̀, èdè tí wọn yóò fi kọ́ni ló ń bá wọn jà. Lọ́dún 2022 wọ́n ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ohun tí ètò Ifẹ̀ tí Babs Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1970 fi hàn wà nílẹ̀: àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n tíṣà JSS ní Topo kò ní láti dúró de Abuja kó tó kọ gbólóhùn mẹ́rin sí pátákó.

Ìdánwò ló ń dúró dè. Ohun tí ìdánwò bá bèèrè ni tíṣà ń kọ́ni, gbogbo wa la mọ̀. Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò JSS 3 ní Ìpínlẹ̀ Èkó kò ju ìbéèrè kan lọ. Kí wọ́n yọ èyí tó ní “fa ìlà sí ìdí” kúrò. Kí wọ́n kọ gbólóhùn kúkúrú márùn-ún sílẹ̀, kí wọ́n ní kí ọmọ so ó di ẹyọ kan lọ́nà méjì, kó sì fi ìlà kan sọ ohun tó yàtọ̀ nínú ìtumọ̀ wọn. Máàkì mẹ́wàá. Bí wọ́n bá kéde rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kìíní, kí wọ́n tó gba ìsinmi Kérésì, àwọn oníwèé lẹ́sìnnì á ti tẹ èyí tó kún fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì ti máa tà á lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé-ìwé.