Àgbò Tó Tàdí Mẹ́yìn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àwọn kan gbà pé bí ààrẹ Amẹ́ríkà bá fa ènìyàn kalẹ̀ fún ipò adájọ́ ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, tí ẹni náà sì fà sẹ́yìn kí àwọn aṣòfin àgbà tó dìbò, a ti ṣẹ́gun ààrẹ nìyẹn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà wa ní, àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ Harriet Miers. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, Ààrẹ George W. Bush fà á kalẹ̀ láti rọ́pò Sandra Day O'Connor. Agbẹjọ́rò ní ọ́fíìsì ààrẹ ni, kò sì ṣe adájọ́ rí. Àwọn wo ni ariwo wọn pọ̀ jù? Àwọn ará ilé Bush gan-an ni, tí kò dá wọn lójú pé obìnrin náà yóò máa dájọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Wọ́n ní ìmọ̀ òfin rẹ̀ kò tó. Ṣùgbọ́n William Rehnquist náà kò ṣe adájọ́ rí kí ó tó wọ ilé-ẹjọ́ yẹn ní ọdún 1972, ó sì di olórí ibẹ̀.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kan náà, Miers fà sẹ́yìn. Àwíjàre rẹ̀ ni pé àwọn aṣòfin ń béèrè fún ìwé àṣírí ọ́fíìsì ààrẹ. Aṣọ tí wọ́n fi bo ìhòòhò ọ̀rọ̀ nìyẹn, mo takú lé e.

Ọjọ́ 4 péré lẹ́yìn náà, Bush fa Samuel Alito kalẹ̀, ẹni tó ti ṣe adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn fún ọdún 15. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2006, ó wọlé pẹ̀lú ìbò 58 sí 42.

Bí alátakò Bush kan bá yọ̀ lọ́jọ́ tí Miers fà sẹ́yìn, kí ni ó rí jẹ nínú ayọ̀ náà? O'Connor wà lára àwọn adájọ́ tí kò jẹ́ kí a fagi lé ẹ̀tọ́ obìnrin sí oyún ṣíṣẹ́ ní ọdún 1992. Ní ọdún 2022, Alito tó jókòó sí àga rẹ̀ ni ó kọ ìdájọ́ Dobbs tó fagi lé e.

Nínú èdè wa, a máa ń fa ènìyàn kalẹ̀, ènìyàn a sì máa fà sẹ́yìn. Nítorí náà, kí ẹ tó pàtẹ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó di okùn mú.

Ire o.