Daffodil kọ́ ló ṣe yín, bí wọ́n ṣe kọ́ yín ni

1/ Ẹ fara balẹ̀ ka thread yìí tán kẹ́ ẹ tó bú mi. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ ewì Òyìnbó bá délẹ̀ lórí TL yìí, ohun kan náà lẹ máa ń sọ: "Kí ló kan ọmọ Òṣogbo kan daffodil, òdòdó tí kò rí rí?" Àwọn èèyàn á sì máa lu like. Èmi ò gbà. Daffodil kọ́ ló ṣe yín.

2/ Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa. Lọ́jọ́ Ajé, gírámà: noun rèé, verb rèé, ẹ kọ́ ọ sórí. Lọ́jọ́bọ̀, lítíréṣọ̀: simile rèé, personification rèé, ẹ kọ́ ọ sórí. Kò sẹ́ni tó sọ fọ́mọ pé iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì.

3/ Ẹ jẹ́ ká mú ewì daffodil yẹn gan-an, èyí tí William Wordsworth tẹ̀ jáde ní 1807. Bá a ṣe ń kà á lónìí, ìpín mẹ́rin ló ní. Ìtàn inú mẹ́ta àkọ́kọ́, past tense ni. Nígbà tó dé ìkẹrin, ó bọ́ sí present tense. Tísà mélòó ló fìka tọ́ ọ fún yín?

4/ Ibẹ̀ gan-an ni ewì náà wà o! Ẹ̀ẹ̀kan ló rí òdòdó náà, ó ti kọjá lọ. Ṣùgbọ́n tó bá dùbúlẹ̀ nílé lóun nìkan, ó tún máa ń rí i lọ́kàn. Ẹni tí kò rí i pé verb ti yí padà á rò pé ewì òdòdó lòun ń kà. Ewì ìrántí ni.

5/ Àwa ọmọ Yorùbá ló yẹ kí wọ́n là á yé jù, torí ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í yíra padà. "Rí" ni lánàá, "rí" ni lónìí. Bẹ́ẹ̀, àlàyé ọ̀hún ti wà lẹ́nu wa: ìpín mẹ́ta àkọ́kọ́, "mo rí i", ìkẹrin, "mo máa ń rí i". Ó tán! Àmọ́ wọ́n ní ká má sọ "vernacular" ní kíláàsì.

6/ Ẹ tún wo pronoun. "I" ni Wordsworth ń pe ara ẹ̀, bíi pé òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ní 15 April 1802 tí wọ́n rí òdòdó náà létí adágún Ullswater, Dorothy àbúrò ẹ̀ obìnrin wà lọ́dọ̀ ẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ tiẹ̀. Àwọn méjì ló rí i, ewì ní ẹnì kan ni. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló yọ Dorothy kúrò. Ṣé gírámà yìí náà lẹ ní kò dùn?

7/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká kọ́ ewì tiwa, mo wà lẹ́yìn yín. J.P. Clark kọ "Ibadan", ìlà márùn-ún péré. Kò sí gbólóhùn kan tó pé nínú ẹ̀, kò sí finite verb kankan. Kò sọ ohun tí ìlú ṣe, ó kàn gbé e síwájú ẹ bíi fọ́tò. Tó bá jẹ́ àkọ́sórí la fi kọ́ ọ, ọmọ Bẹẹrẹ gan-an ò ní rí ìyẹn.

8/ "WAEC la ń bá yí." Ó dáa. Nínú comprehension WAEC, wọ́n máa ń béèrè orúkọ gírámà fún ọ̀rọ̀ kan àti iṣẹ́ tó ń ṣe, wọ́n á tún béèrè figure of speech, lórí àyọkà kan náà. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò ò yà wọ́n nípá. Kí ló dé táwa ń yà wọ́n?

9/ Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ tó mọ oríkì ìdílé ẹ̀ látòkèdélẹ̀ á jáde ní kíláàsì, á máa rò pé olódo lòun, pé lítíréṣọ̀ ò sí fún irú òun. Kì í ṣe olódo. Wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n fi ilẹ̀kùn hàn án lọ́jọ́bọ̀, wọn ò sọ fún un pé kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yẹn ni.

10/ Ẹ̀yin tísà tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ewì kan lọ́sẹ̀ yìí. Kẹ́ ẹ tó dárúkọ figure of speech kankan, ẹ ní káwọn ọmọ fàlà sábẹ́ gbogbo verb. Ẹ bi wọ́n: ta ló ṣe é? Ìgbà wo? Ibo ló ti yí padà, kí sì nìdí? Tí wọ́n bá fẹ́ fi Yorùbá dáhùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi dáhùn.