Dídán Kọ́ Ni Jíjọ̀lọ̀

Àwọn kan máa ń sọ pé èdè Yorùbá kò lè gba iṣẹ́ ẹ̀rọ mọ́ra. Èmi kò gbà.

Iṣẹ́ léètì, ẹ̀rọ tí a fi ń rẹ́ irin, ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe. Ó rẹ́ ọ̀pá irin kan fún oníbàárà. Ọ̀pá náà ń dán gbinrin. Ó fi èékánná yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó dára. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ́ìlì fi ń jò ní ìdí ọ́ìlì síìlì. Oníbàárà gba owó rẹ̀ padà, ẹ̀gbọ́n mi kò sì mọ ohun tí òun ṣe.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀ka iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó fi kámẹ́rà wọn ọ̀pá náà. Ṣákiṣàki ara irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó ju 0.8 maikirómítà lọ ní ìpíndọ́gba, 2.4 ni ó bá níbẹ̀. Ìdá kan nínú 1,000 mìlímítà ni maikirómítà kan. Èékánná wo ni yóò ka èyí? Wọn a tan ìmọ́lẹ̀ sí ara irin, wọn a yà á ní àwòrán, kọ̀ǹpútà a sì fi bí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ti tò ṣe ìṣirò, láìfi ohunkóhun kan irin náà. Abẹ́rẹ́ dáyámọ́ńdì tí wọ́n máa ń wọ́ lórí irin lè ha á.

Ṣùgbọ́n àwòrán a máa tan ènìyàn jẹ. Bí epo díẹ̀ bá wà lára irin, tàbí tí a gbé iná sí ibòmíràn, èsì lè yí padà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ ya irin tí wọ́n ti mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Ǹjẹ́ Yorùbá kò ti rí èyí? Ojú ni ó ń rí dídán, ọwọ́ ni ó ń mọ jíjọ̀lọ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ pín àìdọ́gba ara irin sí ńlá àti kékeré. Àwa ní gbágungbàgun fún ńlá, a ní ṣákiṣàki fún kékeré. Ọ̀rọ̀ wà, a kò tíì so ó mọ́ ìwọ̀n ni.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ifẹ̀ tí a fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ta ni yóò wá kọ́ ẹni tí ń rẹ́ irin? Mo rọ ẹgbẹ́ wa kí á bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ẹ̀rọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí á gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu oníṣẹ́ kí á tó máa dá tuntun. Ọ̀rọ̀ tí a dá fún ìdánwò nìkan kò lè dá ọ́ìlì dúró.