Ta Ló Sọ Pé Etí Ọlọ́run Di?

Wọ́n ti kọ́ wa pé àdúrà tí ohùn kò há sí, tí òógùn kò bọ́ sí, kò tíì di àdúrà. Ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ níbi ìṣọ́ òru, wọ́n á ní oorun ló ń kùn ún, tàbí pé ọ̀tá ló dè é lẹ́nu. Irọ́ ni. Bíbélì tí gbogbo wa gbé dání ni màá sì fi já a.

Ẹ jẹ́ ká bi Hánà. Inú ọkàn ló ti gbàdúrà ní Ṣílò. Ètè rẹ̀ ń mì, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Élì àlùfáà rò pé ó ti mutí yó. Àdúrà tí àlùfáà fojú ọtí wò yẹn ló bí Sámúẹ́lì. Àwọn Élì ṣì pọ̀ láàárín wa, wọ́n sì ti di máìkì mú.

Ẹ tún wo Òkè Kámẹ́lì. Àwọn wòlíì Báálì 450 kígbe láti òwúrọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Èlíjà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: kí wọ́n túbọ̀ kígbe sókè, bóyá òrìṣà wọn ń sùn ni. Ọlọ́run tiwa kì í sùn. Kí la wá ń jí i fún? Ní Hórébù, lẹ́yìn ìjì, ìmìtìtì ilẹ̀ àti iná, ohùn jẹ́jẹ́ ló bá Èlíjà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Wọ́n á ní Bátíméù afọ́jú kígbe sí Jésù. Òótọ́ ni, èrò ló dí i lọ́nà. Nígbà tó dé iwájú Jésù, Jésù bi í ní ohun tó fẹ́, ó sì sọ ọ́, ó tán. Ta ló ń dúró níwájú bàbá rẹ̀ tó tún ń pariwo bí ẹni tó wà lẹ́yìn odi? (Ìjọ Aládùúrà ni wọ́n bí mi sí, n kò bá àdúrà kíkan jà.)

Àwọn mìíràn ní àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kò wà fún ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ẹ wo Arákùnrin Lawrence: ó ti ṣe sójà rí kó tó wọ ilé àwọn mọ́ńkì Kámẹ́lì ní Párísì, ilé ìdáná ni wọ́n sì fi í sí. Ìdí ìkòkò ló ti ń fi ọkàn bá Ọlọ́run rìn. Ó kú ní 1691. Tiwa lè jẹ́ ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, tàbí inú dáńfó nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Ọjọ́ta. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: mú ẹsẹ Bíbélì kan, kà á pẹ̀lẹ́, kí o dákẹ́. Bí ọkàn bá sá lọ sórí owó ilé, má bá a jà, rọra dá a padà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ṣòro ju igbe lọ, torí ariwo ni ọ̀pọ̀ wa fi ń sá fún ohun tó wà nínú wa.

Ẹ̀yin pásítọ̀ wa, ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ìdajì wákàtí, kí ìjọ dákẹ́ níwájú Ọlọ́run, kí aládùúgbò náà sì rí oorun sùn.