Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ọ̀rọ̀ kan bọ́ sí wa létí ní Ṣáṣá láìpẹ́ yìí tí kò jẹ́ kí a lè dákẹ́. Àwọn ará ilé kan ní arákùnrin tí orí rẹ̀ dàrú, wọ́n sì ń gbèrò láti gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn kan tí ń fi ẹ̀wọ̀n de aláìsàn mọ́lẹ̀. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, èsì wọn ni pé: "Kí ó ṣáà ti dákẹ́, kí àwa náà lè rí oorun sùn."

"Kí ó ṣáà ti dákẹ́" yìí ti ba ayé ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́, kì í sì í ṣe láàrin wa nìkan. Ní ọdún 1935, ní Lisbon, olú ìlú Pọ́túgàlì, oníṣègùn Egas Moniz bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí wọ́n lu agbárí àwọn alárùn ọpọlọ ní ihò, kí wọ́n sì gé ohun tí ó so iwájú ọpọlọ mọ́ ìyókù. Lobotomy ni a wá mọ irú iṣẹ́ abẹ yìí sí. Ẹni tí ń pariwo a dákẹ́, ẹni tí ń jà a jókòó. Àwọn ọ̀mọ̀wé pàtẹ́wọ́, wọ́n sì fún Moniz ní ẹ̀bùn Nobel ní 1949. Ní Amẹ́ríkà, Walter Freeman mú ọ̀nà kúkúrú wá ní 1946: ó ń ti irin ṣóńṣó gba òkè ẹyinjú wọ inú ọpọlọ.

Ṣùgbọ́n kí ni àwọn tí ó dákẹ́ náà dà? Iwájú ọpọlọ ni ènìyàn fi ń pète, òun náà ni ó fi ń mọ èyí tí ó yẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bìkítà fún ohunkóhun mọ́. Àwọn mìíràn kú. Rosemary, àbúrò John Kennedy tí ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà, jẹ́ ọmọ ọdún 23 nígbà tí bàbá rẹ̀ fà á lé Freeman àti James Watts lọ́wọ́ ní 1941. Láti ọjọ́ náà, kò lè rìn dáadáa, kò lè sọ̀rọ̀ já gaara mọ́; ọwọ́ àwọn olùtọ́jú ni ó wà títí ó fi kú ní 2005. Nígbà tí oògùn chlorpromazine dé ní 1952, iṣẹ́ abẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kásẹ̀ nílẹ̀.

Ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyí. Ọmọ ìyá ni ẹ̀wọ̀n àti ọ̀bẹ náà: ìrọ̀rùn ẹni tí ń wòran ni àwọn méjèèjì ń wá, wọn kò wá ìwòsàn aláìsàn. Ní 2019, ẹgbẹ́ Human Rights Watch kéde pé àwọn rí alárùn ọpọlọ nínú ẹ̀wọ̀n káàkiri ilẹ̀ wa, ní ilé oníṣègùn, ilé àdúrà àti ti ìjọba pàápàá.

A mọ̀ pé ẹrù àwọn ará ilé kò fúyẹ́. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó sàn wà, ọmọ wa ni ó sì là á. Ní 1954, ní Aro, Abẹ́òkúta, Dókítà Adéoyè Lambo fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń padà sáàrin ènìyàn. Àwọn àlejò wá láti òkèèrè láti wò ó.

Ẹ̀yin ará Ṣáṣá, ilé ìwòsàn Yábàá tí a dá sílẹ̀ ní 1907 ṣì wà, ẹ̀ka rẹ̀ sì wà ní Òṣòdì, tí kò jìnnà sí wa. Ẹ gbé aláìsàn yín lọ síbẹ̀, kí ẹ sì dúró tì í. Ẹ má ṣe béèrè pé, "Ìgbà wo ni yóò dákẹ́?" Ẹ béèrè pé, "Ìgbà wo ni yóò padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀?" Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.