Onílù Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Lé

Bí àwọn ènìyàn bá ń sọ ohun tó tú The Clash ká, ẹgbẹ́ olórin pọ́ǹkì tó bẹ̀rẹ̀ ní London lọ́dún 1976, owó ni wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi rù. Wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn ọmọkùnrin tó ń fi orin bú olówó gba 100,000 pọ́ùn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ CBS ni wọ́n ti sọnù. Èmi ò gbà. Mo ti lu ìlù lẹ́yìn ọ̀gá olórin jùjú rí, ìdí ìlù sì ni ojú mi máa ń kọ́kọ́ lọ.

Ẹgbẹ́ tí owó ti kó sí lórí kì í ṣe bí wọ́n ṣe ṣe. Àwo méjì ni London Calling tó jáde ní 1979, iye àwo kan ni wọ́n tà á. Sandinista! tó tẹ̀ lé e jẹ́ àwo mẹ́ta. Kí ó má baà wọ́n jù fún mẹ̀kúnnù, wọ́n yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ tiwọn lórí 200,000 àkọ́kọ́ tí wọ́n bá tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tó gbé wọn ga ni pé àwọn mẹ́rin ló jọ ń ṣe é. Joe Strummer ló ń kọ ọ̀rọ̀ orin. Mick Jones ló mọ bí orin ṣe ń dùn létí. Paul Simonon tó ń ta báàsì ti gbọ́ rẹ́gẹ̀ yó ní Brixton. Topper Headon dé sídìí ìlù lẹ́yìn àwo àkọ́kọ́, àtìgbà yẹn ni wọ́n sì ti lè ki ọwọ́ bọ irú orin tó bá wù wọ́n: rẹ́gẹ̀, jáàsì, fọ́ńkì.

Ẹ gbọ́ Rock the Casbah. Topper ló ṣáájú àwọn yòókù dé sítúdíò, ó lu ìlù rẹ̀, ó tẹ píánò, ó tún fúnra rẹ̀ ta báàsì. Strummer wá fi ọ̀rọ̀ sí i. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1982 tí Combat Rock, àwo tó gbé orin yìí, jáde, wọ́n lé Topper nítorí heroin. Orin náà wọ mẹ́wàá òkè ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo fídíò rẹ̀, ẹlòmíì ló jókòó sídìí ìlù. Ìlù Topper lẹ ń gbọ́, ọwọ́ ẹlòmíì lẹ ń rí.

Ẹ lè ní kí ni kí wọ́n ṣe fún ẹni tí oògùn olóró ti mú lẹ́rú. Òótọ́ ni, onílù tí ara rẹ̀ ò yá lè ba òde jẹ́. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wọn ì bá dá iṣẹ́ dúró kó lọ gba ìtọ́jú. Àṣà lílé ènìyàn náà kò sì tán síbẹ̀: nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, wọ́n lé Mick Jones náà. Àwo tí àwọn tó kù ṣe ní 1985, Cut the Crap, ẹ̀rọ ni wọ́n fi lu púpọ̀ nínú ìlù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní onílù. Nígbà tí 1986 fi bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ ti tú. Strummer fúnra rẹ̀ gbà nígbẹ̀yìn pé lílé tí wọ́n lé Topper ló fa títúká náà.

Simonon ò gbàgbé ẹ̀kọ́ náà, lójú tèmi. Nígbà tí òun àti olórin Damon Albarn jọ gbé àwo The Good, the Bad & the Queen jáde ní 2007, Tony Allen, ọmọ Èkó tó lu ìlù fún Fela, ni wọ́n fi sídìí ìlù.

Ẹ̀yin ọ̀gá olórin wa, ẹ gbọ́ o. Bí onílù yín bá ṣàìsàn, ẹ san owó oṣù rẹ̀, ẹ fi àyè rẹ̀ dè é. Bó bá sì jẹ́ òun ló dá orin sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn àwo kí ẹ tó kọ tiyín.